Lẹ́tà Kánsù Tí Mo Fi Pamọ́

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo bá ti kírun tán tí mo padà sílé, obìnrin kan máa ń pè mí lórí fóònù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Á ní, "Bàbá, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ jà fún wa." Èmi á ní kò tọ́pẹ́, màá béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó sì dágbére. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń jókòó sórí àga mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mi ò jà fún un. Èmi ni mo dá kún ohun tó bá a, kò sì mọ̀. Ẹnì kan péré ló mọ̀ ọ́n títí di òní. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nítorí pé ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n lọ rí i, mo sì fẹ́ ìmọ̀ràn.

Peckham nílùú òyìnbó ni mò ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́fà kan tí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni, tí kò jìnnà sí Rye Lane. Àjà kejì ni fúláàtì tèmi wà. Ìyá Bọ́sẹ̀, obìnrin tó ń pè mí yìí, ń gbé ní àjà kẹfà nígbà náà, lókè pátápátá. Opó ni, ó ti pé àádọ́rin ọdún, eegun ìbàdí sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ìdílé Yorùbá márùn-ún ló wà nínú ilé náà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, èmi sì ni mo dàgbà jù. Bí omi gbígbóná bá dá, bí wọn ò bá wá kó ìdọ̀tí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi á wọ agbádá mi, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì kánsù, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọ̀gá. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Àgbà ilé ló ń sọ̀rọ̀, bó bá sì ti sọ ọ́, gbogbo ilé ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Iṣẹ́ títún ọ́fíìsì ṣe ni mo ṣe ní ìlú yìí, mò ń nu tábìlì tí ìwé kún orí rẹ̀ tí mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra ìwé àwọn ọmọdé, mo wá ń jókòó sókè bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road, mò ń ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ti ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi wọ̀ mí lórí. Àwọn ọmọ mi ní àwọn á wá olùkọ́ fún mi, mo kọ̀. Olóríkunkun ni mí, mi ò fi pamọ́. Torí náà, nígbà tí mo wá di ẹni tó ń ka lẹ́tà kánsù fún àwọn tó kàwé jù mí lọ ṣùgbọ́n tí wọn ò ráyè, inú mi ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà òtútù tó kọjá, lífíìtì wa bàjẹ́. Mo lọ sí kánsù. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kọ ọ̀rọ̀ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ṣé èmi nìkan ni. Mo ní gbogbo ilé ni, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Mo tún sọ fún un pé ìyá kan wà ní àjà kẹfà tí ìbàdí ń dùn. Ó ní á dáa kí àwọn yòókù náà pè fúnra wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sọ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má pe kánsù, pé bí ẹnu bá pọ̀ jù, wọ́n á rò pé ìjà la wá jà. Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ṣá. Ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó di irin mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Bàbá Alága, ṣé ọ̀gá kánsù tí ẹ lọ rí yẹn ṣì wà láyé?"

Mo ní, "Ó wà láyé. Ẹ ní sùúrù."

Ó ní, "Sùúrù mi ti dé òkè tipẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì dé."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ibi tí kò yé mi. Wọ́n ní ìdílé kan ṣoṣo ló fi ẹjọ́ lífíìtì náà sùn, pé ibi tí ẹjọ́ bá ti pọ̀ ni àwọn kọ́kọ́ ń lọ tún ṣe. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìyá àjà kẹfà, kó pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé, kí àwọn lè kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aláìlera tí àwọn ń tètè dá lóhùn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n gun àtẹ̀gùn lọ fún un ní lẹ́tà náà. Mi ò lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Mo rò ó pé bí olúkúlùkù bá lè gbé fóònù kó pe kánsù, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo sọ fún wọn pé kánsù ti kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mi ò fi mọ̀wé, mi ò purọ́ ohun tó wà nínú ìwé fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n kà ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Ìyá Bọ́sẹ̀ ń gbé iṣu àti ẹran tó rà bọ̀, ó ṣubú láàárín àjà kẹta àti ìkẹrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbé iṣu yẹn kúrò lọ́nà kí ẹlòmíràn má tẹ̀ ẹ́." Ìbàdí rẹ̀ ti kán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi tún lífíìtì ṣe.

Láti ọsibítù, wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó kan lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn Elephant and Castle, níbi tí kò ti rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ó fẹ́ padà sí Peckham, sí fúláàtì ìsàlẹ̀, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kánsù kọ̀, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan lọ́dọ̀ àwọn pé kò lè gun àtẹ̀gùn tẹ́lẹ̀. Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní anything? Lẹ́tà, email, ohunkóhun tó máa show pé wọ́n mọ̀ nípa Mummy?" Mo ní màá wò ó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń wá ohun tó wà lábẹ́ aṣọ mi. Bí mo bá fún un, ìyá rẹ̀ lè rí ilé. Bí mi ò bá fún un, orúkọ mi á wà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo pè é, mo fún un.

Ó kà á lórí ìdúró. Ó ní, "So ẹ mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ kà á, ó yé yín?"

"Ó yé mi."

Ó ká a sínú báàgì. Ó ní, "Màá lò ó, ó máa help Mummy. But èmi ò ní sọ fún wọn, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn." Kò kúnlẹ̀ kó tó lọ. Mi ò bínú sí i.

Lẹ́tà náà ti ń ṣiṣẹ́. Kánsù ní àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ohun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ mọ̀ kò ju pé èmi ni mo tọ́jú ìwé tó fẹ́ gbà á là, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin àgbà bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá yìí ò dákẹ́ fúnra rẹ̀, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ó ní kí n wá kí òun ní Sátidé, pé wọ́n ti gba òun láyè láti lo kíṣìnì wọn, òun á se ẹ̀fọ́ dè mí, kí n má jẹun wá. Mo ti pinnu pé màá sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́ kí a tó jẹun, ó lè má ṣeé jẹ mọ́ fún àwa méjèèjì. Bí mo bá jẹun tán kí n tó sọ ọ́, mo tún ti gba ohun tí kò tọ́ sí mi lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?