Èwo Ni Ọlọ́run Wà Nínú Rẹ̀?

Nínú ọkọ̀ tó ń dúró de èrò ní gáréèjì Ṣakí ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń lọ ṣe ìdánwò ẹnu fún iṣẹ́ olùkọ́ èdè Òyìnbó ní Ìṣẹ́yìn.

"Màámi, wọ́n máa bi mí bí Òyìnbó ṣe ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Tí èèyàn bá ti pinnu tẹ́lẹ̀, 'going to' ni. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu, 'will' ni."

"Èwo ni Ọlọ́run wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nínú ìkankan."

"Fi Inṣá Allah sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màámi! Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín, wọn ò ní gbà mí."

"Jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ lọ sóko, ó ní òun ń bọ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù. Kò fi Inṣá Allah sí i, a ò sì tíì rí i títí dòní. Ṣé ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"O ò mọ̀, o fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ìbéèrè yẹn ṣì rú mi lójú. Èmi náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà yìí rí, láti ìgbà náà n kì í sọ fún ìyàwó mi ìgbà tí màá dé.

Awakọ̀ wọlé. "Ẹ̀yin èrò mi, kó tó di ọ̀sán, Ìṣẹ́yìn la máa wà."

"Inṣá Allah." Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ìyá rẹ̀ tó lanu.

Èmi náà sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo rọra dán ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi wò bóyá ó ṣeé ṣí.