Èmi Ni Mo Pa Iná Fawziyyah

Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, mo mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ wá bá mi rín. Ìdí mi tó ń gba ààyè èèyàn méjì ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó, èmi gan-an ló sì máa ń rín jù. Ṣùgbọ́n omi ti kún ẹsẹ̀ mi, dókítà ò sì wojú mi mọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀. N kò lè gbé èyí wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde.

Gbogbo yín lẹ mọ Fawziyyah, ọmọ Rùfáì ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé Rùfáì gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, a ò sì rí òkú rẹ̀ sin. Aṣọ tí mo ń tà ní ọjà Aswani ni mo fi tọ́ ọmọ náà di lọ́yà. Ó ní kò tíì tó, òun fẹ́ gba oyè kejì lókè òkun nínú òfin tó de orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. "Màmá, bí èèyàn bá rì sínú omi tí kì í ṣe ti ìlú kankan, ta ló yẹ kó dáhùn? Mo fẹ́ mọ ẹni tí màá pè lẹ́jọ́ nítorí bàbá mi." Èmi wèrè àgbà, òkun tó gbé bàbá rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé ìwé náà ní àwọn máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí láputọ́ọ̀pù kí wọ́n tó fún un ní sikọ́láṣíìpù. Bátìrì láputọ́ọ̀pù ọ̀hún ti kú tipẹ́, àfi tó bá wà lójú iná. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni mumi. Mo dúró ní kọ̀rídọ̀, mo gbọ́ tí òyìnbó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀! Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fa suwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà wálẹ̀. Fáànù yí lọ́ra, ó dúró. Ìdí ńlá yìí sì sáré wọ kíṣìnnì bí ìdí ọmọge.

"Wọ́n ti múná lọ!" Fawziyyah gbé fóònù, ó sáré bọ́ sójú títì láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Ìsọlọ̀ wa yìí, ta ló ń bèèrè ẹni tó múná lọ?

Abdulwasiu tó wà ní fúláàtì kejì kanlẹ̀kùn. "Ìyá Rùfáì, ẹ̀yin nìkan lẹ ò níná o. Ṣé kí n na wáyà sí yín?" Mo ní, "Má ṣèyọnu, ó ti parí." Ó lọ tán ni mo gbé suwíìṣì padà sókè. Fawziyyah ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; nígbà tó yá, àwọn òyìnbó mú ẹlòmíì.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá mi, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: "Ẹni tó pa iná yẹn, kí Ọlọ́run má tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀." Ẹnu àṣejù yìí dáhùn pé, "Àmín." Mo tún fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú!

Láti ọjọ́ náà ló ti pa iṣẹ́ lọ́yà tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A B D ní ilé ìwé kan ní Àgọ́ Palace. Bó bá dé, á máa fi ìpara wọ́ ẹsẹ̀ mi: "Màmá, ẹ má kú o, ẹ̀yin nìkan ni mo ní." Mo máa ń lanu láti jẹ́wọ́, àdúrà ni màá tún ṣe fún un. Suwíìṣì ṣeé gbé sókè padà. Àmín ńkọ́?

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹnu tó ṣépè náà ló lè tú u. Géètì ti dún, òun ni. Ẹ má lọ o, ẹ jókòó tì mí. Fawziyyah, gbé ìpara yẹn sílẹ̀, ọmọ Rùfáì. Má tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi.