Ẹni Tí Ó Fà Mí Jáde Nínú Yàrá Yíǹkì

Ẹ̀yin ará, mo kí yín lórúkọ Jésù. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ilé yìí láàárọ̀ òní, Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí. Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé tí ẹ kò jẹ́ kó jẹ́ inú pósí ni wọ́n gbé mi wá. Èmi ni Ìyá Tọ́lá tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn kọ́yà. Ó ti pẹ́ tí Pásítọ̀ ti ní kí n wá jẹ́rìí, èmi ni mo ń sún un síwájú. Ẹ má bínú bí n kò bá tújú ká tó bó ṣe yẹ kí ẹlẹ́rìí tújú ká. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì, mo sì fẹ́ sọ méjèèjì pa pọ̀.

Òwú àti bọ́tìnnì ni mo ń tà ní ọjà Mont-Bouët nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ọkọ mi dé Libreville, ní Gabon níhìn-ín, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Ràímì ti bá mi. Nàgó ni bàbá náà, ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, Mùsùlùmí sì ni. Ó wá ra òwú tí yóò fi tún etí agbádá rẹ̀ rán. Aláró ni agbádá náà, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, kì í ṣe aró mọ́, kò sì tíì di eérú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo na ọwọ́ sínú páálí, mo mú òwú kan fún un. Ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó fi lé ara aṣọ, kò rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Ló bá padà wá bi mí bóyá inú ọjà ni mo fẹ́ jókòó sí títí ayé mi.

Òun ni ó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní àdúgbò PK8, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ àti àwòrán sára ọ̀rá búrẹ́dì àti ọ̀rá omi. Ẹni tí ó ń po yíǹkì fún wọn ti kó lọ sí Port-Gentil, pàtírọ̀n tó ni iléeṣẹ́ náà sì ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yíǹkì nìyẹn.

Bàbá kọ́ mi dáadáa. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi tínà la yíǹkì kí ó má baà ki jù, bí a ṣe ń fi díẹ̀ kun ọ̀rá, kí a fi ìka fà á, kí a gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ní yíǹkì tí ó dára nínú ike lè burú lórí ọ̀rá, nítorí náà kí n má gba ike gbọ́. Ó máa ń pè mí ní ọmọ Ọ̀yọ́. Mo ṣàlàyé títí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, gbogbo Yorùbá Nàìjíríà ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Bí mo bá wọ ọkọ̀ clando lọ sílé, tí ẹni tó jókòó tì mí gbé búrẹ́dì lé ẹsẹ̀, pupa ara ọ̀rá yẹn ni màá máa wò. Màá sọ nínú ọkàn mi pé èmi ni mo po ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, òjò ń rọ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá yíǹkì kí omi má baà wọlé. A ti tẹ pupa tán, yẹ́lò ló kàn. Bí pupa bá ṣẹ́kù bí orí abẹ́rẹ́ nínú táǹkì tí a fi ń po yíǹkì, yẹ́lò ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi tínà fọ táǹkì náà mọ́ tónítóní. Mo tẹ orí bọ inú rẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́. Iná lọ. Fáànù tó máa ń fa òórùn jáde dúró. Mo ní kí n kàn parí ẹ̀gbẹ́ kan tó kù. Òórùn tínà máa ń ta ènìyàn nímú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi, bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ibi tí mo rántí mọ nìyẹn.

Mba, ọmọ Gabon tó ń ṣọ́ géètì wa, ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní bí iná ṣe lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, Bàbá Ràímì pè mí láti ibi tó wà, n kò dáhùn. Ó tún pè. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi ló rí nílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé. Ó fa èémí sínú, òun fúnra rẹ̀ wọlé. Okùn épírọ́ọ̀nù mi ti kọ́ sára irin táǹkì. Ó fà mí, n kò wá, èémí rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Ó jáde, ó ń wúkọ́, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Mba bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de àwọn panápaná. Bàbá padà wọlé. Ó já okùn náà, ó fi apá wọ́ mi jáde, òun náà sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ní ọsibítù, n kò mọ ara mi. Dókítà sọ fún ọkọ mi pé bí mo bá tilẹ̀ jí, àwọn kò lè sọ bí ọpọlọ mi yóò ṣe rí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbààwẹ̀. Pásítọ̀ wá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọkọ mi, tí ẹ mọ̀ pé kì í gbàdúrà síta, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo sì jí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni aṣọ nọ́ọ̀sì, mo sọ nínú ara mi pé funfun yìí ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Wọ́n mú Tọ́lá wá, mo pe orúkọ rẹ̀ láìṣì í pè. Ọkọ mi jáde lọ sunkún sí kọ̀rídọ̀. Haleluyah.

Ibi tí ẹ̀rí máa ń parí sí nìyẹn. Ó wù mí kí tèmi náà parí síbẹ̀.

Ọsibítù ti ní kí Bàbá Ràímì máa lọ sílé kí n tó jí. Gbogbo wa rò pé kò ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Cotonou ló ti ń fa òórùn yìí símú láìsí ìbòmú, èyí tó wá fà sínú nígbà tó padà wọlé lẹ́ẹ̀kejì ló dá a dúró. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ yíǹkì mọ́. Pàtírọ̀n ra fáànù tuntun, ó ra ìbòmú fún gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ sídìí ẹ̀rọ Bàbá, nítorí èmi nìkan ni Bàbá máa ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ẹni tó gbà mí là ni wọ́n gbé fún mi.

Mo máa ń lọ kí i ní yàrá rẹ̀ ní PK12. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kí ó wá jókòó níwájú, kí gbogbo ìjọ rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni òun máa jókòó sí. Mo ní kó jẹ́ kí n lágbára díẹ̀ sí i, kí n lè se oúnjẹ, kí n lè pe ènìyàn, kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ yìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọpẹ́ kékeré tí mo lè dá lórí ẹní bàbá yẹn, n kò dá a. Ńlá ni mo ń dúró dè.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kétu pé kó máa bọ̀ nílé. Mo mọ̀ pé yóò lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà mo wà nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rá búrẹ́dì ń sáré lábẹ́ rólà, àwọ̀ ń bọ́ lé àwọ̀. Clando kan dúró lẹ́nu géètì, Bàbá Ràímì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Mba fẹ́ sáré wá pè mí, Bàbá kò gbà fún un.

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ báyìí, gbogbo àwọ̀ yẹn á yẹ̀. Ṣáà bá mi kí i.”

Mba ní ó yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, ó fetí sí ìró ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, kó tó ní kí awakọ̀ máa lọ. Ìgbà tí mo pa ẹ̀rọ ni mo tó gbọ́. Mo sáré dé títì. N kò mọ ohun tí mo rò pé màá rí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè é lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e, ó bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ọpẹ́ tí mo ti ń kó jọ, mo dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò tilẹ̀ mọ èyí tí mo sọ nínú ẹkún. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ó ní:

“Ọmọ Ọ̀yọ́, kí lẹ ń tẹ̀ lónìí?”

Mo ní, “Búlúù ni, Bàbá. Ọ̀rá omi.”

“Búlúù.” Ó tún mí. “Ṣé ó ń jáde dáadáa?”

“Ó ń jáde dáadáa, Bàbá.”

Ó ní Alhamdulillahi, ó sì fi fóònù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa tí kò jẹ́ kí Tọ́lá di aláìníyàá. Ẹ bá mi yọ̀, ayọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bá mi dárúkọ Ràímì ará Kétu níwájú Ọlọ́run, kí Ó fún un ní èémí. Mo ti bi Pásítọ̀ léèrè, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kọ́yà, ẹ dá orin fún wa. N kò tíì lè jó, ṣùgbọ́n màá bá yín pàtẹ́wọ́.