Mo Jẹ Nínú Sàárà Alhaja, Mo Tún Kọ̀wé Ta Kò Ó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ mi síbí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Ọmọ ẹni tí mo ṣẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Tí mo bá dákẹ́ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni màá ti ṣẹ ìdílé kan náà.

Iṣẹ́ adójútòfò ni mò ń ṣe, ní Marina. Ẹ̀ka tiwa ni wọ́n máa ń rán jáde tí ilé bá jó tàbí tí mọ́tò bá forí sọ ògiri. A ó lọ wo ohun tó bàjẹ́, a ó bi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè, a ó sì kọ ìwé tí ilé-iṣẹ́ yóò fi mọ iye tó yẹ kó san. Lórí káàdì mi, orúkọ iṣẹ́ náà gùn débi pé orúkọ bàbá mi ò ráyè. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí kọ.

Ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, tí wọ́n ń pè ní filọ́sọ́fì, ni mo kà ní yunifásítì. Àǹfààní tó ṣe fún mi ni pé, nígbà tí mi ò ríṣẹ́, mo lè ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi rí i. Nígbà tí mo wá rí eléyìí, mo ra táì mẹ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránmú sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó oṣù, torí àwọn èèyàn rò pé à ń kó owó. Tí mo bá san owó ilé, tí mo yọ owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú, ohun tó ń kù kì í gbé mi dé ogúnjọ́ oṣù. Ọdún kan gbáko ni wọ́n sì fi ń dán èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ pátápátá. Ìgbéga wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní: kí owó tó ń tọwọ́ ẹ jáde má pọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé. Ọ̀gá wa kàn máa ń sọ ọ́ ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà. Á ní, "Olùyẹ̀wò tó bá ń káàánú èèyàn, kò ní pẹ́ táwọn èèyàn yóò fi máa káàánú òun náà." A ó rẹ́rìn-ín, a ó tún ṣe àmín.

Mo ti lo oṣù mọ́kànlá nínú ọdún ìdánwò náà nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Alhaja jó ní Ìta Fájì.

Alhaja, tó ti ra adójútòfò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ń ta aṣọ: àǹkárá, gíní, àti léèsì díẹ̀. Iwájú ilé ẹbí wọn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Wáyà iná ló gbiná ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà di eérú. Àwọn tó wà nínú àpótí lẹ́yìn kò jó, èéfín àti omi ló bà wọ́n jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rùkáyátù, tó ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà náà, wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí iná ṣẹ́ yọ. Aládùúgbò kan ló fà á jáde.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni mo dé ibẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé, táì mi sì ti ń rọ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé màá bá ẹkún. Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sunkún. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i kú ewu ló ń sọ fún pé alhamdulillahi, ọmọ òun wà láàyè. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún mi. Wọ́n gbé àkàrà, mósà àti ẹran síwájú mi, wọ́n ní Ọ̀gá láti Marina ti dé. Èmi tí mo ṣì ń jẹ gbèsè gaàrí ládùúgbò mi.

Nígbà náà ni bàbá àgbà kan nínú ẹbí sọ pé oúnjẹ nìkan ò tó láti fi dúpẹ́. Ó ní ohun tí iná bá dá sí, a máa ń yọ nínú rẹ̀ fún aláìní, kí ewu lè jìnnà sí ọmọ tó yọ. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja yíjú sí mi.

"Ọ̀gá, àwọn aṣọ tó ṣẹ́ kù yìí, mo fẹ́ fi wọ́n ṣe sàárà ọmọ mi. Ṣé kò ní ba iṣẹ́ yín jẹ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo mọ ìdáhùn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa: ohun tí iná bá jó kù kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí a ó fi kà á, tí a ó yà á ní fọ́tò, tí ọ́fíìsì yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá pín in ṣáájú, ó lè má rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n mósà wà lẹ́nu mi, àwọn àgbà sì ń wò mí bí ẹni ńlá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọ̀gá láti Marina kò láṣẹ lórí nǹkan kan.

"Kò séwu, Mà," ni mo wí. "Ẹ ṣe é. Ṣebí èmi ni mo wà níbí."

Èmi ni mo wà níbí. Ẹ wo ẹnu.

Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ. Mi ò kà á, mi ò ya fọ́tò. Èmi àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ọ̀pá gíní mẹ́rin. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi béèrè ibi tí ọjà tó ṣẹ́ kù wà. Oṣù kan péré ló kù kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo kọ ọ́ ní èdè òyìnbó pé kí n tó dé ibẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù ti pín àwọn ọjà náà láìgbàṣẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ kí gírámà rẹ̀ lè dán. Ọ̀gá mi kà á, ó ní mo mọ̀wé kọ. Ilé-iṣẹ́ kọ̀, wọn ò san nǹkan kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tèmi.

Alhaja pè mí lórí fóònù nígbà tí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ní òun ò gbàṣẹ, ṣebí ojú mi ló ṣe? Mo sọ fún un pé àwọn ọ̀gá ló pinnu rẹ̀. Mo ní mo bẹ̀ wọ́n títí ó fi rẹ̀ mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní kí n má bá wọn jà nítorí òun, kí wọ́n má lọ lé mi níṣẹ́. Ó sì ṣàdúrà fún mi.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ṣí mọ́. Alhaja ta góòlù rẹ̀, ó gbé tábìlì kan síwájú ilé, ó ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Nígbà tí Rùkáyátù jáde girama, ọdún méjì ló fi jókòó sílé kó tó rí owó yunifásítì. Mo mọ̀, torí gbogbo Iléyá ni Alhaja ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́. Èmi ni olórí ẹ̀ka náà báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọmọ náà wá sí Marina. Lífìtì wa ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn ni ìyá àgbàlagbà náà gùn dé àjà kẹrin.

"Rùkáyá, kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá ẹ," ló wí, èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀. "Àwọn ló gbìjà wa nígbà ọjọ́sí."

Iṣẹ́ adójútòfò ni ọmọ náà lọ kà. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó bi mí nípa owó oṣù, mo sọ òtítọ́ fún un, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó bi mí bóyá èèyàn lè dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Mo ní ó ṣeé ṣe, mi ò sọ bí mo ṣe dàgbà tèmi. Lẹ́yìn náà ló yọ lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ kọ sí ìyá rẹ̀ nígbà náà jáde nínú ọ̀rá.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Lẹ́tà yìí ló jẹ́ kí n lọ kàwé yìí. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́ pé a ò gbàṣẹ. Mi ò fẹ́ bá a jà o. Mo kàn fẹ́ bi í pé kí la ṣe fún un."

"Ẹnu ẹ yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n gbà ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀, èmi sì ni màá ṣe alága rẹ̀. Tí mo bá fa igi lé orúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Tí mo bá gbà á, kò ní lo oṣù kan kó tó rí ìwé tí mo kọ, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé la máa ń ní kí wọ́n to fáìlì àtijọ́. Lánàá, mo ti kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò kúnjú ìwọ̀n. Mo wo ohun tí mo kọ. Gírámà rẹ̀ dán. Mo ya ìwé náà.

Mo ti pinnu pé màá lọ sí Ìta Fájì, màá sì kọ òtítọ́ fún ilé-iṣẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé mi. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè san ohun tí wọ́n fi du Alhaja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ló ń kó lẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi á ti sọ ọ́ káàkiri kí a tó dé ibẹ̀. Pásítọ̀ mi á fẹ́ kí n wá fi jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá mi tó ti fẹ̀yìn tì á ní kí n má kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ kàn bá mi dá sí i. Ta ni kí n mú dání? Àbí kí n dá lọ, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Alhaja tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi? Torí mo mọ ara mi. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àmín ni màá ṣe, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.