Ọmọ Wọ̀bìà Tí Kò Jẹun

Ní ayé àtijọ́, kí ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí tó mọ orúkọ wa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúngbénlé. Òun ni baba tó bí àwọn baba tó bí wa. Ẹ má bi mí ní iye ìran tó wà láàárín àwa àti òun, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí àwọn tó sọ ìtàn yìí fún mi náà kò kà á.

Àgbẹ̀ ni Ògúngbénlé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè láàárọ̀, ó di ìgbà tí oòrùn bá rọ̀ kó tó nà ró. Ṣùgbọ́n bí ó ti yára lóko, bẹ́ẹ̀ náà ló yára nídìí àwo. Òkèlè kan kò ní tíì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ tán tí òmíràn á ti dé ẹnu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ògúngbénlé, rọra o, iyán kò ní sá lọ!" Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A máa padà bá a níwájú.

Odò tí ìlú wọn ń mu wá gbẹ. Ó gbẹ lọ́dún kan, ó tún gbẹ lọ́dún kejì. Ògúngbénlé kó Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ wọn, ó di èbù iṣu sínú agbọ̀n, wọ́n bọ́ sọ́nà. Ta ló lè sọ ohun tí èbù jẹ́ fún mi? Ẹ̀n-ẹ́n, Àjàní, o káre. Iṣu tí a fẹ́ gbìn ni. Iṣu tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí ebi á máa pa ọ́, tí o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Wọ́n dé ìlú kan, wọ́n tọrọ ilẹ̀, àwọn onílẹ̀ ní kò sí. Wọ́n dé ìlú mìíràn, wọ́n tọrọ ilẹ̀, ibẹ̀ náà ní kò sí. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, èbù sì ti ń hunjọ nínú agbọ̀n. Bí òjò bá rọ̀ tí wọn kò rí ilẹ̀ gbìn ín sí, wọn á jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, ó parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Òkè-Ọ̀sàn. Olóyèdé ni Baálẹ̀ ibẹ̀, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Nígbà tí wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ pa àgọ́ yín sídìí igi àfọ̀n tó wà níta ìlú. Lọ́jọ́ ọjà, èmi àti Ọ̀tún mi á wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Ẹni tí n kò tíì bá jẹun, n kò lè bá a pààlà."

Lọ́jọ́ ọjà, Àwẹ̀ró kó gbogbo iṣu jíjẹ tó kù nínú ẹrù wọn, ó sè é, ó gún un. Ó fi òkété tí ọkọ rẹ̀ dẹ pakuté mú se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó rọ iyán ńlá sínú àwo fún àwọn àlejò àti ọkọ rẹ̀. Ìyókù kò tó nǹkan. Ó fi ewé wé e fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ.

Baálẹ̀ dé pẹ̀lú Ọ̀tún, ìjòyè rẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n jókòó yí àwo náà ká. Láyé ìgbà náà, inú àwo kan náà ni àlejò àti onílé ti ń jẹun.

Ọ̀tún kò fi ọwọ́ falẹ̀. Ògúngbénlé, ẹ ti mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti ká ọmọ ìka Baálẹ̀ kò bí èékánná àṣá. Bí ó bá bu iyán, díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń rí mú, díẹ̀ náà á sì fẹ́ bọ́ kó tó kan ọbẹ̀. Ó ń rọra jẹ, kò sì sí ẹni tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́, Ọ̀tún fẹ̀yìn ti igi. "Ìyàwó! Iyán yìí kúnná. Gbé omi wá o, mo ti yó!"

Ògúngbénlé yọ ọwọ́ nínú àwo. Kíá, Baálẹ̀ náà yọ tirẹ̀.

"Èmi náà ti yó," ni Baálẹ̀ wí.

Kí ló dé tó fi yọ ọwọ́? Ẹ rò ó wò. Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò sí àgbà tí kò mọ òwe yẹn, kò sì sí èyí tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Bí gbogbo ọwọ́ bá kúrò nínú àwo, tí ti àgbà nìkan wá kù síbẹ̀, ayé á ní ó ti di wọ̀bìà.

Àwẹ̀ró ti gbé igbá omi dé ẹnu ọ̀nà àgọ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹnu Baálẹ̀ ní òun ti yó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà nínú àwo.

Bí ẹ bá jẹ́ Àwẹ̀ró, kí lẹ máa ṣe? Ìbídùn ní òun á bẹ bàbá náà pé kó jẹun sí i. O káre, ọmọ mi, o láàánú. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bẹ àgbà pé kó jẹun sí i lójú ìjòyè rẹ̀, o ti kéde pé ebi ń pa á nìyẹn. Àánú náà á di ẹ̀sín sí i lọ́rùn.

Àwẹ̀ró kò bẹ Baálẹ̀. Ó gbé omi náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó mú iyán inú ewé, ti òun àti àwọn ọmọ, ó kúnlẹ̀, ó tú u sínú àwo.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá," ó wí. "Ọkọ mi ni mo fẹ́ bá wí. Baba àwọn ọmọ mi, ta lẹ fẹ́ tàn jẹ? Ṣé bí ẹ ṣe ń jẹun nìyí? Bí ẹ bá dìde báyìí, ẹ óò tún wá máa ṣí ìkòkò mi wò ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun yó."

Ọ̀tún bú sẹ́rìn-ín. "Hà! Baálẹ̀, ẹ gbọ́! Wọ̀bìà ló wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ wa! Bí a bá fún eléyìí lóko, iṣu wo ni yóò ṣẹ́kù tí yóò fi sìn wá lọ́dún?"

Ojú ti Ògúngbénlé. Ó ti yó dé gògóńgò. Ó la ẹnu láti wí àwíjàre, àbí ta ni yóò fún wọ̀bìà nílẹ̀? Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kọ́ ni Àwẹ̀ró ń wò. Ọwọ́ Baálẹ̀ ló ń wò. Òun náà wo ọwọ́ náà, ó rí àwọn ìka tó ká kò, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Ìyàwó mi mọ̀ mí. Ebi ṣì ń pa mí." Ó ti ọwọ́ bọ àwo padà.

Baálẹ̀ ní, "Ọ̀tún, fi í sílẹ̀. Kò yẹ ká fi onílé nìkan sílẹ̀ nídìí àwo. N ó bá a jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin tí iyán kì í rí àyè sinmi lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń bù ú bí adìyẹ tó ń ṣa bàbà. Iyán tí a kì í rún, ó ń rún un! Òkèlè rẹ̀ kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Bí Baálẹ̀ bá bu ọ̀kan, òun náà á bu ọ̀kan, títí bàbá náà fi gùnfẹ̀, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ìyàwó, gbé omi wá." Ìgbà náà ni Ògúngbénlé tó yọ ọwọ́.

Lẹ́yìn tí Baálẹ̀ ṣan ọwọ́ tán, ó ní, "Ọ̀tún, láti ìgbà tí ìka mi ti ká, n kò dìde yó nídìí oúnjẹ rí, nínú ilé mi pàápàá. Bí ẹ bá ti pè fún omi, èmi náà a ṣan ọwọ́. Òní ni mo yó. O pe ọkùnrin yìí ní wọ̀bìà. Ṣé o wo òkèlè rẹ̀? Wọ̀bìà tí kò jẹun ni."



Baálẹ̀ wá yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìyá, iyán inú ewé yẹn, ta lo wé e fún?"

Àwẹ̀ró wolẹ̀. Ẹ̀yìn àgọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà nígbà náà, wọ́n ń ha odó jẹ.

Baálẹ̀ ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti ìdí igi àfọ̀n yìí dé etí odò, tiyín ni. Ẹ lọ gbin èbù yín." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, agbọ̀n iṣu ti dé láti ilé Baálẹ̀, Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ló sì rù ú wá.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń kì wá, wọ́n á ní, "Ọmọ wọ̀bìà tí kò jẹun." Àwọn ará ìta á máa rẹ́rìn-ín. Àwa á máa dúpẹ́. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí ọwọ́ onílé fi ń kẹ́yìn nínú àwo nílé wa, tí a kì í sì í gbé omi ìṣanwọ́ síwájú àlejò láìjẹ́ pé òun ló pè fún un. Ní báyìí, tí oníkálukú ti ń jẹ nínú abọ́ tirẹ̀, ẹ máa ń rí i pé mo máa ń fi òkèlè kan sílẹ̀ nínú abọ́ mi, tí n óò máa fi ọwọ́ yí i kiri. Ẹ rò pé kò wù mí jẹ ni?

Ẹ gbọ́! Àwọn àna wa tó ń bọ̀ wá jẹun ti ń kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìbídùn, lọ gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Àjàní, gbé omi ìṣanwọ́ yẹn padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o sì dúró tì í títí wọn yóò fi pè ọ́. Ilẹ̀ tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, ọwọ́ tó dúró nínú àwo ló gbà á fún wa.