Ohun Tí Mo Sọ Nípa Múfú Lórí Fóònù Ọ̀gá Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé ìparí kí ẹ tó ṣépè. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìyàwó mi ò mọ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ò mọ̀, òun ló tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọpẹ́ yẹn ni mi ò rí gbé mì. Òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Wẹ́dà ni mí. Bàrígà ni mo ń gbé, Bájúláyé ní Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù wà, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múfú. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwa méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Bàbá là ń pè é. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, èèyàn jẹ́jẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Múfú wá láti Ìsẹ́yìn, èmi ni Bàbá fà á lé lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di iná mú kí ọwọ́ má gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Kò pè mí lórúkọ rí.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ju tèmi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí Múfú bá jó irin méjì pọ̀, ojú ibẹ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Tèmi náà ń di mú, kì í já, àmọ́ ó máa ń dà bí ojú egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Lọ́jọ́ kan, atẹ̀wé kan gbé apá ẹ̀rọ rẹ̀ tó sán wá. Irin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe irin géètì. Bí iná bá bá a lójijì, á fọ́ bí àwo ni. Èmi ni mo gbà á, torí èmi ni àgbà. Mo jó o, mo gbé e sílẹ̀, mo ń nu ọwọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nígbà tó dún kẹ́ẹ́, tó sì pín sí méjì níwájú oníbàárà.

Múfú ló wá gbé e. Ó fi èédú yá irin náà díẹ̀díẹ̀. Ó ń jó o ní ṣókí-ṣókí, ó ń fi hámà kékeré lù ú jẹ́jẹ́. Nígbà tó parí, ó bò ó mọ́ inú eérú kó lè tutù fúnra rẹ̀. Nígbà tí atẹ̀wé náà padà wá, ó yí irin náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí ni kí ẹ máa gbé iṣẹ́ mi fún. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ilẹ̀kùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Onílẹ̀kùn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún ló ń ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ, èmi ò rí alábẹ tí mo lè lọ bá.

Nídìí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa, èèyàn kì í dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ẹni ló ń dáni sílẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní fírídọ̀mù. Nígbà tèmi, a ta kánópì, a ya fọ́tò, Bàbá sì gbé irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tó kan Múfú, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ohun tó tọ́jú ti bá oògùn lọ. Bàbá ní kò burú, pé àríyá kọ́ ni iṣẹ́. Ó pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó bu omi tútù sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà. Ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ náà ti di ọ̀gá."

Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìyẹn, Múfú ò lọ. Ó dúró ti Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀gá láàárín wa, iṣẹ́ tó bá le, òun ni.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Kánádà. Ó ní wọ́n ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, wẹ́dà, kápẹ́ńtà, oníṣẹ́ iná. Tí èèyàn bá yege, wọ́n á fún un ní ìwé ìgbélùú, tòun tìyàwó tọmọ, kì í ṣe ti àbẹ̀wò lásán. Páálì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é.

Mo ní, "Múfú, àwọn tó jáde yunifásítì ń bẹ níbí tí wọn ò rí i gbà. Ìwọ tó ń rùn èéfín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, irin tiwọn náà ń já."

Ó ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Onípánù lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ṣe ìdánwò èdè, ó yege. Ó ṣe ìdánwò iṣẹ́, ó yege. Gbogbo ìgbà tó bá yege, èmi ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún. Màá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, màá ní Ọlọ́run á ṣe é. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, màá máa lu irin tó wà níwájú mi bíi pé ó ṣẹ̀ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rèé. Èmi náà ti lọ béèrè. Mo dọ́gbọ́n lọ bá ẹnì kan ní Ọbáníkòró tó ń bá èèyàn ṣètò rẹ̀. Ọmọ kékeré ni. Ó bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Dádì, ọjọ́ orí yín ti jẹ máàkì tí wọ́n fi ń yan èèyàn tán. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín lọ." Mo fẹsẹ̀ rìn wálé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi ń bó ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ti fẹ́ kó ìyàwó ẹ̀ wọ bàálù. Àwa ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ gbogbo ilé láràárọ̀." Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ó kàn ń bó ẹ̀wà rẹ̀ lọ ni. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, etí Bàbá ti di. Ariwo irin tí wọ́n ń lọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù rẹ̀. Múfú mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Kánádà lè pe Bàbá o, kí wọ́n wádìí mi. Ẹ bá wa gbé e." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Wọ́n pè lóòótọ́. Obìnrin kan ni, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n lè gbọ́. Ó béèrè ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èmi ni. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Múfú ti lọ bá oníbàárà kan gbé géètì.

Obìnrin náà béèrè bóyá Múfú ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ni mo ní láti sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi. Mo ṣàdédé rí Múfú lójú inú, pẹ̀lú kóòtù ńlá lọ́rùn, tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, tí yóò máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n nínú rẹ̀.

Mo ní, "Rárá. Kò tíì ṣe fírídọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ ló ń gbá, ó sì ń bá wa di irin mú."

Ó tún un béèrè kó lè dá a lójú. Mo tún un sọ. Ó ní òun dúpẹ́ tí mo sọ òótọ́.

Bàbá gbójú sókè, ó ní, "Ta ni?" Mo sún mọ́ etí rẹ̀. Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni.

Wọn ò fún Múfú. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ní ó parọ́ fún ìjọba àwọn, kó má tíì tún béèrè fún ọdún mélòó kan. Wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ni àwọn ti gbọ́ ọ. Nígbà tó bi mí, mo ní mi ò sí nítòsí nígbà tí wọ́n pè, pé Bàbá ló gbé e fúnra rẹ̀.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó dúró níwájú Bàbá, ó ní, "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?" Bàbá ò gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀n?" Múfú tún un wí. Ó wá wò mí, bíi kí n bá òun pariwo ọ̀rọ̀ náà sí Bàbá létí. Ojú irin tó wà lọ́wọ́ mi ni mo wò. Múfú kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Bàbá ní kí n tẹ̀ lé e, kí n béèrè ohun tó dé. Mo jáde, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, mo padà wọlé. Mo ní, "Ojú rẹ̀ ti là ni, Bàbá. Ó ní òun ti ju ṣọ́ọ̀bù yìí lọ." Bàbá ò jẹ ẹ̀pà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí àìsàn gbé Bàbá dè, orúkọ Múfú ló ń pè ṣáá. Ìyá, ìyàwó Bàbá, ní kí n ránṣẹ́ pè é. Mo ní mo ti ránṣẹ́, pé kò dáhùn. Mi ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bàbá kú. Múfú ò wá síbi ìsìnkú. Àwọn èèyàn ní aláìmoore ni. Èmi náà mi orí, mo ní ayé ti bàjẹ́. Aṣenibánidárò ni Yorùbá ń pe irú mi.

Ìyá àti àwọn ọmọ gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún mi. Ìyá ní, "Ìwọ lo dúró ti bàbá ẹ." Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ti ń jẹ títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Múfú wọlé wá. Àkókò tí wọ́n fi dè é ti pé. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní ọ̀nà Àkọkà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ orí mi á lé mi dànù. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá dá mi sílẹ̀. Ẹ bá mi jẹ́rìí. Mo ti sọ fún wọn pé ogbó ti dé sí Bàbá nígbà yẹn, pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Mo ti dárí jì í."

Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ eléèérú, ẹni tó ti ní irun funfun. Ó ń dúpẹ́, ó ní èmi ni bàbá tó kù fún òun.

Màá jẹ́rìí rẹ̀. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín títí dópin: nígbà tó dìde, tó ń sọ irú ilé tí wọ́n máa gbé lọ́hùn-ún, ohun kan tún rú sókè nínú mi. Kò tíì kú. Mò ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn rèé. Bí mo bá kàn jẹ́rìí, tí mo dákẹ́, Múfú á lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Bàbá ló da omi sí iná òun. Orúkọ ẹni rere á sì wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó bí orúkọ òpùrọ́. Bí mo bá sọ fún un báyìí, ó lè bínú kó ní òun ò fẹ́ ẹ̀rí mi mọ́, kò sì sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Àwọn tó ń wádìí náà, ṣé wọ́n á gba ẹni tó ti parọ́ fún wọn rí gbọ́? Ṣé kí n dúró kó gba páálì rẹ̀, kó gúnlẹ̀, kí n tó jẹ́wọ́? Tàbí ọgbọ́n ojo ni ìyẹn náà?

Ìyá ńkọ́? Bí ó bá gbọ́, ó máa gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tọ́ sí i. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù tó bí ojú tó máa fi wò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ lè bú mi, mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bú. Ẹ má ṣáà ní kí n dákẹ́. Tí ẹ bá sì wà ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, tí ẹ ti dá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ fún Múfú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu tó bà á jẹ́ ni yóò sọ fún un.