Ìyàwó Tí Kò Kúnlẹ̀

Adékọ́lá, ọkọ, wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Sandton. Olúbùkọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wà nílé wọn ní Turffontein pẹ̀lú Màmá, ìyá Adékọ́lá. Johannesburg, 2014.

ADÉKỌ́LÁ: Hẹ́lò? Bùkọ́lá, meeting ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, sọ ọ́ kíá.

OLÚBÙKỌ́LÁ: Kúuṣẹ́ o. Ṣé o ti jẹun?

ADÉKỌ́LÁ: Mo ti jẹun. Ṣé Màmá ti jí?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Wọ́n ti jí, wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n ti ń di ẹrù.

ADÉKỌ́LÁ: Ẹrù wo? Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé—

OLÚBÙKỌ́LÁ: Wọ́n ní àwọn ń padà sí Iléṣà. Wọ́n ní kí n bá àwọn pe taxi. Mo ní taxi ibí kì í dé Iléṣà, wọn ò rẹ́rìn-ín.

ADÉKỌ́LÁ: [Ó rẹ́rìn-ín.]

OLÚBÙKỌ́LÁ: Má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba gààrì wọn padà.

ADÉKỌ́LÁ: Gààrì Ìjẹ̀ṣà yẹn? Ọ̀rọ̀ yìí le o. Kí lo ṣe fún wọn?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Ìdúró ni mo fi kí wọn ní airport. Láàárọ̀ yìí náà, ìdúró ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

ADÉKỌ́LÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o ò wá lè tẹ orúnkún díẹ̀ ni? Just small.

OLÚBÙKỌ́LÁ: Orúnkún wo?

ADÉKỌ́LÁ: Ẹ̀ẹ̀kan péré—

OLÚBÙKỌ́LÁ: Dádì Ayọ̀, nígbà tí arthritis yìí bẹ̀rẹ̀, ìka ọwọ́ nìkan ni. O ní òtútù Joburg ni. Mo fi iṣẹ́ irun dídì sílẹ̀. Nígbà tó dé orúnkún, mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Báyìí, orí àga ni mo ti ń wẹ̀. Ṣé o ò rí i ni?

ADÉKỌ́LÁ: Mo rí i. Ṣùgbọ́n o máa ń ṣe bíi pé kò sí nǹkan kan.

OLÚBÙKỌ́LÁ: Torí pé ìwọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

[Ohùn ń já.]

ADÉKỌ́LÁ: —sọ fún wọn. "Mummy, I'm sick." Finish. Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n délé lọ sọ pé arọ lọmọ àwọn fẹ́.

ADÉKỌ́LÁ: Ta ló pè ọ́ ní arọ?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Kò tíì sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sá fún nìyẹn.

[Wọ́n ń fa síìpù báàgì.]

OLÚBÙKỌ́LÁ: Eish. Wọ́n ti ń pa báàgì dé. Ó dáa, mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

ADÉKỌ́LÁ: Dúró, mi ò ní kó o—

[Nǹkan dún gbì.]

ADÉKỌ́LÁ: Bùkọ́lá? Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Mo gbọ́. Mo ti kúnlẹ̀. [Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.] Mi ò lè dìde.

ADÉKỌ́LÁ: Mò ń bọ̀.

OLÚBÙKỌ́LÁ: Láti Sandton? Kó o tó dé, mo ti ta gbòǹgbò.

[Ilẹ̀kùn ṣí.]

MÀMÁ: Bùkọ́lá? Kí lo ń wá nílẹ̀?

OLÚBÙKỌ́LÁ: Ẹ kàárọ̀, mà.

MÀMÁ: Orúnkún ẹ rèé? Ó wú tó báyìí? Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?

OLÚBÙKỌ́LÁ: [Ó ń sunkún.] Ọmọ yín ni, mà. Òun ló wà lórí fóònù.

MÀMÁ: Gbé e wá. Adékọ́lá.

ADÉKỌ́LÁ: Mà.

MÀMÁ: Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é?

ADÉKỌ́LÁ: Ó ti pẹ́, mà.

MÀMÁ: O wá jẹ́ kí n máa bínú sí aláìsàn láti àná.

ADÉKỌ́LÁ: Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́ ẹ. Di ọrùn mi mú, ìyàwó mi. Rọra. Jókòó síbí. Adékọ́lá, nígbà tá a lọ tọrọ ọmọ yìí nílé bàbá ẹ̀, ṣé orúnkún la tọrọ?

ADÉKỌ́LÁ: Rárá, mà.

MÀMÁ: Ta ló dọ̀bálẹ̀ níjọ́ náà?

ADÉKỌ́LÁ: Èmi ni, mà.

MÀMÁ: Tó o bá dé nírọ̀lẹ́, wá dọ̀bálẹ̀ fún un.

ADÉKỌ́LÁ: Fún Bùkọ́lá? Màmá, mo— ṣé ẹ gbọ́—

[Fóònù já.]